Gbèsè Èémí: Ìtàn Àwọn Awa-èédú Ilẹ̀ Wales àti Owó Gbà-má-bínú Wọn

 Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé ọdọọdún yìí. Mo mọ̀ pé ìtàn ìtẹ̀dó tàbí ti oyè ìdílé kan ni ó ń retí, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe ní àwọn ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé àpapọ̀ wa kò jẹ́ kí n lè kọ irú ìyẹn lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ óò rántí pé wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ ọmọ ìlú wa kan wá síwájú ìpàdé náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 19 níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún títì ṣíṣe. Nígbà tó di bí ọdún kẹtàdínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọjọ́ iṣẹ́ jẹ: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà odindi ọ̀sẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì dá a dúró láìfún un ní kọ́bọ̀. Bí wọ́n ti ń ro ẹjọ́ yìí lọ́wọ́, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, ó ní ẹgbẹ́ wa kò dá owó jọ fún ọ̀lẹ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo gbé ní gúúsù ilẹ̀ Wales fún ọdún mọ́kànlá, mo sì gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ pé orúkọ kan náà yẹn ni wọ́n fi ń pe àwọn baba wọn, títí ilẹ̀ fi bo púpọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà ìtàn àwọn ará Wales ni n óò kọ. Ìtàn náà jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún mi, yóò padà délé.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Èkìtì yóò lè fojú inú wo bí ibẹ̀ ti rí: òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, àfonífojì tóóró láàrin, ilé tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Èédú ni ó wà lábẹ́ àwọn òkè náà. Ní ọdún 1920, àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ èédú ní gúúsù Wales lé ní 270,000. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ayé ni ó ń fi èédú wọn rìn, láti èbúté Cardiff àti Barry. Àwọn atukọ̀ láti ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó èédú náà sínú iná ọkọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló sì fi àdúgbò Butetown ní Cardiff ṣe ibùgbé, tí wọ́n fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, tí wọ́n bímọ níbẹ̀.

Eruku tó ń pa awa-èédú kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Èyí tí ojú ń rí, imú a máa dá a dúró, ikọ́ a sì tì í jáde. Èyí tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ni ó ń wọlé lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara a máa gbìyànjú láti fi àpá bò ó, bí ó ti ń fi àpá bo ojú ọgbẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpá á pọ̀ sí i, ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó máa fẹ̀ kó sì máa sún kì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ á wá le gbandi. Kò sí oògùn tó lè ká àpá náà kúrò, títí di òní. Àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí ní pneumoconiosis. Àwọn awa-èédú fúnra wọn kò lo orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀. Eruku ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ní eruku ti mú lágbájá, ọ̀rọ̀ parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó nìyí. Ẹni tí òkúta wó lù nínú kòtò, gbogbo ayé rí i, wọ́n á gbé e jáde lórí pákó, ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní ọ̀lẹ. Ẹni tí eruku mú, bí ó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú ẹni tó ń kọjá. Àfi ìgbà tó bá dìde láti gun òkè lọ síbi iṣẹ́ ni yóò dúró lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri ológiri. Nígbà òtútù, tí kùrukùru bá bo àfonífojì, kò ní lè jáde rárá. Lọ́jọ́ kejì ara á fúyẹ́, á padà síbi iṣẹ́. Bí a bá ka ọjọ́ tó pa jẹ nìkan, tí a kò wo èémí rẹ̀, kí ni a óò rí bí kò ṣe ọ̀lẹ?

Ìlú Ọba ṣe òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ní ọdún 1897. Ìjàǹbá nìkan ni òfin náà mọ̀. Ní 1906 wọ́n fi àrùn mẹ́fà kún un, irú bí èyí tí òjé ń fà. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ eruku òkúta wò, wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí wọ́n ní ó ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ní 1918 òfin kan dé fún eruku òkúta, ṣùgbọ́n kò kan awa-èédú. Ọdún 1928 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú àdéhùn kan tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fi hàn pé òkúta tí òun lu ní silica tó ìdá 50 nínú 100. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọkùnrin tí kò lè gun àkàsọ̀ ilé rẹ̀ mọ́ ni kó lọ wá òkúta tó lu lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, nínú kòtò tó lè ti wó, tí olówó rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó wọ̀, kí ó bù ú lọ fún àwọn onímọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò! Ní 1934 wọ́n fẹ òfin náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ níbi èédú, ṣùgbọ́n àmì eruku òkúta ni àwọn dókítà ṣì ń wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí eruku èédú bà jẹ́ ni wọ́n dá padà sílé pé wọn kò ní àrùn.

Ẹni tó bá sì rí i gbà, ìdajì owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni òfin ń wò fún un, kò sì gbọdọ̀ ju ṣílè 30 lọ lọ́sẹ̀. Àwọn baba wa tó sọ owó yìí ní gbà-má-bínú gbọ́n púpọ̀. Wọ́n mọ̀ pé owó náà kò lè dá apá padà. Inú ẹni ni wọ́n ní kí ó tù.

Ní ìlú Tredegar, awa-èédú kan wà tó ń jẹ́ David Bevan. Eruku mú un, ó sì kú ní ọdún 1925 lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìdílé rẹ̀ kò rí owó kankan gbà, nítorí pé àrùn tó pa á kò sí nínú ìwé òfin nígbà náà. Ọmọ náà ni Aneurin Bevan, tí òun pẹ̀lú ti wọ kòtò láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú baba rẹ̀ ni wọ́n dìbò fún un lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ọdún 1945 ni ó di Mínísítà fún Ìlera, ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948 sì ni ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí gbogbo ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba mọ̀ dunjú bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń jókòó dé dókítà níbẹ̀ láìsan owó, ẹ máa rántí ọkùnrin kan tó kú láìrí owó ìsìnkú gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún.

Bevan kò hùmọ̀ ètò náà láti inú òfìfo. Ní Tredegar, àwọn òṣìṣẹ́ ti dá ẹgbẹ́ ìwòsàn kan sílẹ̀ láti ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tọ́rọ́ ni wọ́n ń yọ lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá gbà, wọ́n sì fi ń gba dókítà, wọ́n fi ń ra oògùn, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo ìlú. Ẹni tó bá mọ bí àwọn àgbà wa ti fi tọ́rọ́ àti sísì kọ́ ilé ìgbẹ̀bí àti ilé ẹ̀kọ́ wa yóò mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Àwọn olówó kòtò ló ni eruku. Àwọn tí eruku mú ni wọ́n ń dá owó tọ́jú ara wọn. Ìyá ilé ń fọ aṣọ fún ará ìta, ó ń gba àlejò tó ń san owó yàrá, ọmọkùnrin tí orí rẹ̀ pé fún ìwé ń lọ sínú kòtò ní ọmọ ọdún 14 kí owó baba rẹ̀ má bàa já. Kò sí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ èédú kankan. Nínú ìwé ìṣirò náà, èédú Wales kò gbówó lórí.

Ní 1937, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba rán àwọn dókítà lọ sí gúúsù Wales, Philip D'Arcy Hart àti Edward Aslett ṣáájú wọn. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọkùnrin, wọ́n wọn eruku inú kòtò, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe àwọn tó ń lu òkúta nìkan ni àrùn ń mú. Èrí tó lágbára jù, sí èrò tèmi, wá láti èbúté. Ní 1940, Jethro Gough ní Cardiff kọ̀wé nípa ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń to èédú sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò lu òkúta rí. Èédú nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì bàjẹ́ bí ti àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Báyìí ni òfin 1928, pẹ̀lú ìdá 50 rẹ̀, ṣe di ọ̀rọ̀ àṣìṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ fún àwọn opó?

Òfin tuntun dé ní 1943, ó sì gba eruku èédú fúnra rẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa àrùn. Ìgbà náà ni ayé rí bí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ tó. Láti 1931 títí di 1948, nǹkan bí 22,000 awa-èédú ní Ìlú Ọba ni dókítà ìjọba fún ní ìwé pé eruku ti bà jẹ́. Ó ju mẹ́rin lọ nínú márùn-ún wọn tó jẹ́ ará gúúsù Wales. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ẹ̀gún nínú. Ẹni tó bá gba ìwé gbọdọ̀ fi iṣẹ́ èédú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní àfonífojì tí kò ti sí iṣẹ́ mìíràn, ìwé tó yẹ kó jẹ́ ìrànwọ́ di ìwé ìléníṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló sá fún ẹ̀rọ àwòrán, tí wọ́n ń gbé ikọ́ wọn mì, kí dókítà má bàa rí wọn. Ẹni tó gbà á jókòó sílé láìrí ohun ṣe. Ìjọba ní láti kọ́ ilé-iṣẹ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Bridgend ní gúúsù Wales ni èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Remploy ti ṣí ní 1946, àwọn awa-èédú àtijọ́ sì pọ̀ nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní àkókò ogun kan náà, ariwo ńlá ń lọ nínú ìwé ìròyìn àti ní Ilé Ìgbìmọ̀ pé awa-èédú ń pa ọjọ́ iṣẹ́ jẹ. Òótọ́ ni pé iye ọjọ́ tí wọ́n ń pa jẹ ju ìlọ́po méjì lọ láàrin 1938 sí 1945. Àwọn kan ní owó ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni. Àwọn kan ní wọn kò fẹ́ràn orílẹ̀-èdè wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó kù nínú kòtò? Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sójú ogun tàbí sí ilé-iṣẹ́ ohun ìjà. Àwọn àgbà tó ti mí eruku fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ni òfin ogun so mọ́ inú kòtò. N kò sọ pé kò sí ọ̀lẹ kankan láàrin wọn. Ọ̀lẹ kò ṣàìsí níbikíbi. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó ń ka ọjọ́ kò ka èémí.

Ẹni tó yí ètò náà padà tún jẹ́ awa-èédú. James Griffiths ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú líle ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Wales, ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ awa-èédú gúúsù Wales ní 1934. Gẹ́gẹ́ bí Mínísítà, òun ni ó gbé òfin 1946 kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ètò ìwòsàn Bevan. Lábẹ́ òfin yìí, òṣìṣẹ́ kò ní bá olówó rẹ̀ ṣe ẹjọ́ mọ́ kí ó tó jẹun. Òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba ni wọ́n ń dá owó sínú àpò kan. Dókítà á wo iye tí ara ti pàdánù, ẹni tí agbára rẹ̀ bá tán pátápátá á gba ṣílè 45 lọ́sẹ̀, ẹni tó pàdánù díẹ̀ á gba díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbà kí ẹni tí àrùn rẹ̀ kò tíì le padà síbi iṣẹ́ tí eruku rẹ̀ kéré. Àwọn àgbà wa tó ń ṣe òṣèlú nígbà náà mọ Griffiths ní orúkọ mìíràn: òun ni Mínísítà tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba láti 1950 sí 1951, nígbà tí a ń jíròrò òfin ìjọba tí a fi orúkọ Gómìnà Macpherson pè. Ẹni tó jókòó sórí àga náà, tí àwọn ìwé láti Èkó àti Ìbàdàn ń dé iwájú rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ èédú rí.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ìtàn parí níbẹ̀. Kò parí. Ní 1945 wọ́n dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Llandough lẹ́bàá Cardiff, wọ́n sì fi Charles Fletcher ṣe olórí rẹ̀. Archie Cochrane, tí orúkọ rẹ̀ wá di olókìkí káàkiri ayé ìṣègùn lẹ́yìn náà, dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1948. Nígbà tó di 1950, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán àyà àwọn ará àfonífojì Rhondda Fach láti ilé dé ilé, tó fi jẹ́ pé àwọn tó kọ̀ láàrin awa-èédú kò tó nǹkan. Ohun tí wọ́n rí ba ọ̀pọ̀ èrò jẹ́: àwòrán àti èémí kì í fìgbà gbogbo bá ara wọn mu. Ọkùnrin kan lè ní àwòrán tó ní àmì púpọ̀, kí ó máa gun òkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Òmíràn lè ní àwòrán mímọ́, kí ó má lè rìn dé ìta. Àwòrán ni òfin sì fi ń san owó.

Àwọn tó ní àwòrán mímọ́ tí wọn kò lè mí ni wọ́n wá di ẹjọ́ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n sọ fún wọn pé ikọ́ àti ẹ̀dọ̀fóró tó rọ̀ dẹ̀ẹ̀ kì í ṣe ti eruku, pé sìgá tí wọ́n ń mu ni, àti òtútù àfonífojì. Ní 1966, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé eruku kò kó ipa pàtàkì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ èédú ti ìjọba, tó gba gbogbo kòtò lọ́wọ́ àwọn olówó ní ọjọ́ kìíní ọdún 1947, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan láti 1953 ní kòtò 25, tí wọ́n ń wọn eruku tí wọ́n sì ń wọn èémí àwọn ọkùnrin kan náà lọ́dún mélòó kan síra. Nígbà tí èsì jáde ní 1973, ó hàn pé bí eruku tí ọkùnrin kan ti mí ti pọ̀ tó ni èémí rẹ̀ ń dín kù tó, ì báà mu sìgá, ì báà má mu ún. Ọdún 1973 nìyẹn. Wọn kò kọ àrùn náà sínú ìwé òfin títí di 1993. Àní nígbà náà pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ fún ogún ọdún.

Fún àwọn tí àwòrán wọn fi eruku hàn, ìgbìmọ̀ èédú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti bá ara wọn ṣe àdéhùn owó gbà-má-bínú ní 1974. Àwọn tó kù lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, Adájọ́ Turner ti Ilé Ẹjọ́ Gíga dá a pé ìgbìmọ̀ èédú kò ṣe ohun tó yẹ láti dín eruku kù, àti pé ẹ̀bi náà bẹ̀rẹ̀ láti 1954. Ìjọba, tó jogún gbèsè ìgbìmọ̀ náà, ní láti ṣí ètò ìsanwó. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ètò náà ní 2004, ìbéèrè tó ti wọlé lé ní 590,000. Owó tí wọ́n san fún àrùn èémí nìkan ju bílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn lọ. Ní ọdún 1925, ìdílé Bevan kò rí ṣílè kan. Àwọn tó rò pé wọ́n ti jèrè owó náà fi gbèsè sílẹ̀ fún àwọn tí wọn kò tíì bí, èlé sì ti gun orí rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayọ̀ ni ó parí rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tó béèrè ti kú kí owó tó dé. Opó àti ọmọ ni wọ́n gbà á. Àwọn mìíràn gba owó tí kò tó ra kẹ̀kẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò kan tún yọ nínú owó àwọn aláìsàn nígbà tí ìjọba ti san tiwọn fún wọn, wọ́n sì yọ orúkọ àwọn kan kúrò nínú ìwé amòfin ní 2008 nítorí rẹ̀. Mo mọ obìnrin arúgbó kan ní àdúgbò tí mo gbé, tó fi sọ́wédowó ọkọ rẹ̀ sínú Bíbélì fún oṣù mẹ́ta kí ó tó lọ gbà á. Ó ní òun ń wò ó bóyá yóò jọ ọkọ òun. Àwọn kòtò náà sì ti tì pátá. Kellingley, kòtò jíjìn tó kẹ́yìn ní Ìlú Ọba, tì ní oṣù kejìlá ọdún 2015.

Ó tó àkókò kí n padà sílé bí mo ti ṣèlérí. Òfin Ìlú Ọba yìí bímọ sí ọ̀dọ̀ wa. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ dé Nàìjíríà ní 1941, wọ́n tún un ṣe ní 1987, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2010. Lábẹ́ ti 2010 yìí, agbanisíṣẹ́ ní láti máa dá owó sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń tọ́jú, gẹ́gẹ́ bí ti Griffiths, àyàfi pé òṣìṣẹ́ wa kì í dá nínú rẹ̀. Àrùn eruku òkúta wà nínú àwọn àrùn tí òfin náà mọ̀. Kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa: ní 1975 àwọn dókítà kọ̀wé nípa àwọn tó ń gbẹ́ ọlọ ní apá àríwá Nàìjíríà, tí eruku ọlọ náà ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Òkúta kan náà ni, ì báà jẹ́ ọlọ, ì báà jẹ́ títì.

Ṣùgbọ́n òfin ní ọjọ́ nínú. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá mọ̀ pé àrùn iṣẹ́ ti mú òun, ọdún kan ni ó sì ní láti béèrè owó. Ọmọ ìlú wa tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò mọ̀ pé àrùn ni. Ọ̀lẹ ni òun pẹ̀lú rò pé òun ti dà. Ó sọ fún mi pé òun a máa dìde ní agogo mẹ́rin òru láti lè rìn dé ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí òun níbi tí òun ti ń dúró sinmi. Nígbà tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Ìbàdàn mú un lọ ya àwòrán àyà ní oṣù tó tẹ̀lé ìpàdé, dókítà béèrè iṣẹ́ tó ṣe kí ó tó wo àwòrán náà tán. Ìwé dókítà wà lọ́wọ́ akọ̀wé báyìí, a sì ti kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé.

Ohun tó kù ni èrí pé ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún 19. Òjò ba ìwé owó oṣù rẹ̀ jẹ́ nígbà tí òrùlé rẹ̀ ṣí. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ ìlú wa bá ti bá a ṣiṣẹ́ rí, tàbí tó ní àwòrán tí wọ́n jọ yà níbi iṣẹ́, tàbí ìwé ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wọn, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé àgbà kí oṣù kẹta tó parí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlagi, iṣẹ́ ìfọ́kùúta àti iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì nínú wa, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí wọ́n kò lè lọ síbi iṣẹ́ sílẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé náà síbi tí òjò kò ti lè dé.

Bàbá tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ti ka ìwé yìí kí ó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo béèrè bóyá kí n yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò. Wọ́n ní kí n fi í síbẹ̀. Wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ pé àwọn ló san owó àwòrán àyà náà.